ThinkPad T480 tòkunbọ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé: kíbọ́ọ̀dù àti bátìrì ni mo rà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe kí n tó sọ ohun tí mo rà, torí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń náwó sórí ohun tí kò kàn wọ́n. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mí n'Íbàdàn. Bí alága bá ti ṣí ìpàdé, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bọ́ lẹ́nu wọn ni mo ń tẹ̀ ẹ́. N kì í kọ ọ́ sínú ìwé kí n tó lọ tún un tẹ̀ nílé. Nígbà tí kò bá sí ìpàdé, mo máa ń bá àwọn olùwádìí tẹ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbà: onílù, aláró, ìyálọ́jà, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rí bá sọ̀rọ̀. Wákàtí kan ọ̀rọ̀ ẹnu lè gba odidi ọjọ́ kan láti tẹ̀. Yorùbá ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn lórí àti kán nísàlẹ̀, wọn kì í sì í gba iṣẹ́ tí kò lámì lọ́wọ́ mi.

Mi ò gbá géèmù, mi ò gé fídíò, mi ò ya àwòrán ilé. Ẹni tó bá ń ṣe irú ìyẹn kó má fi ọ̀rọ̀ mi rajà. Ti èmi ni pé ìka mi wà lórí bọ́tìnnì láti àárọ̀ títí di alẹ́, iná sì lè lọ nígbàkúgbà. Nígbà tí láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́ dákẹ́, ohun méjì péré ni mo ń wá: kíbọ́ọ̀dù tí kò ní pa mí lọ́wọ́, àti bátìrì tí mo lè fọwọ́ ara mi pààrọ̀. Ohun méjì yìí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Lenovo ThinkPad T480, láptọ́ọ̀pù ọdún 2018. Tòkunbọ̀ ni o.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa bèèrè pé kí ló dé tí mi ò ra tuntun. Mo wo tuntun. Owó tí wọ́n ń ta T480 tó dáa, tuntun inú páálí tí mo rí ní irú owó yẹn kò ju Celeron lọ, ọpọlọ ẹ̀rọ tó rẹlẹ̀, RAM (àyè tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) 4GB tí wọ́n jó mọ́ pátákó ẹ̀rọ, àti àyè ìpamọ́ 64GB tó jẹ́ eMMC tó lọ́ra, kì í ṣe SSD tó yá. Bí Windows bá ti jókòó sínú 64GB yẹn, ìwọ̀nba ló kù fún onílé. Ẹ ṣí Word, ẹ ṣí Chrome, ẹ fi ohùn sí VLC tó ń gbóhùn jáde: ẹ ó tẹ lẹ́tà, ẹ ó sì dúró dè é kó tó jáde. Mo gbà pé páálí a máa wu èèyàn, ọ̀rá ojú rẹ̀ a sì máa dùn ún ṣí. Ṣùgbọ́n RAM tí wọ́n jó mọ́lẹ̀, bó ṣe wà lónìí ló ṣe máa wà títí ẹ ó fi jù ú nù.

Ọ̀rọ̀ i5 àti i7, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ tí Intel ń ṣe, ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí òun ni wọ́n fi ń mú wa jù lọ́jà. Ẹni tó ń tajà á na ìka sí sítíkà ẹ̀gbẹ́ kíbọ́ọ̀dù, á ní, "Àǹtí, i7 rèé, ẹ má wo i5 yẹn." Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i7 ọ̀hún ni kẹ́ ẹ wò. i7-6600U, ìran kẹfà ni, core (ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ ẹ̀rọ) méjì péré ló wà nínú rẹ̀. i5-8250U, ìran kẹjọ ni, mẹ́rin ni tirẹ̀. Ìran kẹjọ yìí ni Intel ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi core mẹ́rin sínú irú ẹ̀rọ U tó wà nínú láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì. Nítorí náà, i5 ìran kẹjọ á fi i7 ìran kẹfà sẹ́yìn, ẹni tó bá sì san owó lé i7 yẹn ti san án fún sítíkà.

Ìdí kejì tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dá ìtìlẹ́yìn Windows 10 dúró. Windows 11 ní tirẹ̀, ìran kẹjọ Intel ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọlé, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìran keje. T470, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n T480, ìran kẹfà tàbí keje ló wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹni tí kò bá wo igun ojú rẹ̀ dáadáa ò ní mọ èyí tí í ṣe èwo, àwọn tó ń tà á sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn a máa fi ọgbọ́n kan gbé Windows 11 lé T470 lórí. Á ṣí lójú yín, á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Microsoft ò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé àtúnṣe á máa dé ibẹ̀. Ẹni tó ń fi láptọ́ọ̀pù tọ́jú owó ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ wà níbi tí àtúnṣe ààbò kì í dé.

Ní Queen Cinema n'Íbàdàn níbí, T480 wà, ibẹ̀ ni mo sì kọ́kọ́ yà. Ohun tó gbé mi dé Computer Village n'Íkẹjà ni pé ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀ lè to irú kan náà kalẹ̀ bẹẹrẹ, kí n máa tẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé títà kì í bẹ̀rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Láti ẹ̀bá títì ni àwọn ọmọkùnrin á ti máa di yín lọ́wọ́ mú: "Mummy, kí lẹ fẹ́ rà? Ṣé ẹ fẹ́ tà ni? Ẹ jẹ́ n mú yín lọ sí ọ́fíìsì wa." Ọ́fíìsì ọ̀hún kì í sí níbì kankan. Ẹ rẹ́rìn-ín sí wọn, kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ, ẹ wá ṣọ́ọ̀bù tó ní pátákó àti àdírẹ́sì lójú títì Òtìgbà tàbí Pepple, èyí tó máa kọ nọ́ńbà ara ẹ̀rọ náà sórí rìsíìtì fún yín.

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dá mi lóhùn. Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán an ni pé kò kánjú. Mo ní kó fún mi ní àga, ó gbé e wá. Mo ní mo fẹ́ tẹ odidi ojú-ìwé kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ̀rín pa á.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ máa tẹ̀wé kẹ́ ẹ tó rà á, Mà. Àwọn tó kù, YouTube ni wọ́n máa ní kí n ṣí."

"YouTube kọ́ ló ń sanwó fún mi, àbúrò."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Mà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó tẹ́ yín lọ́rùn."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo rí ni pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, àmọ́ ọwọ́ kan kọ́ ni wọ́n. Ọ̀kan, bọ́tìnnì àyè rẹ̀ ń dún gbàágbàá. Òmíràn, A àti E rẹ̀ ti ń dán, ìka ẹlòmíì ti jẹ ẹ́ fún ọdún púpọ̀. Ẹ tún wo ìlú tó ti wá. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, Enter rẹ̀ gùn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Enter rẹ̀ ga, àmì pọ́n-ùn sì wà lórí 3. Èyí tó ti Jámánì wá, Z àti Y ti gba ipò ara wọn. Ti Faransé àti ti Bẹ́líjíọ̀mù, A ló wà níbi tí Q yẹ kó wà. Wọ́n á sọ fún yín pé inú Windows ni wọ́n ti ń yí i padà. Lóòótọ́ ni, àmọ́ ohun tí wọ́n tẹ̀ sójú bọ́tìnnì ò ní yí padà, sítíkà ni wọ́n á lẹ̀ lé e, sítíkà náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí ooru bá ti mú. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni mo mú torí òun ni ọwọ́ mi mọ̀.

Ojú rẹ̀ tún ni ọ̀fìn mìíràn. Ínṣì 14 ni gbogbo T480, ṣùgbọ́n iye kán ìmọ́lẹ̀ tó wà lójú wọn yàtọ̀: àwọn kan jẹ́ 1366×768, àwọn kan 1920×1080. Nínú irú àkọ́kọ́ yẹn, bí ẹ bá yí orí díẹ̀ báyìí, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, àmì kéékèèké orí lẹ́tà á sì pòórá. Mo tẹ "ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́ ọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ ọjà" ní ìwọ̀n 11, mo sún sẹ́yìn bí mo ṣe máa ń jókòó, mo wò ó bóyá mo lè mọ àmì òkè yàtọ̀ sí àmì ìsàlẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn náà wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní òun ò rí ẹni tó fi Yorùbá yẹ ojú láptọ́ọ̀pù wò rí.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan bátìrì. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport, ẹ tẹ Enter. Á kọ fáìlì kan tí ẹ lè ṣí nínú Chrome. Ẹ wo ìlà Design Capacity, iye tó lè gbà nígbà tó ṣì wà ní tuntun nìyẹn. Ẹ wo Full Charge Capacity, iye tó ń gbà báyìí nìyẹn. T480 ní bátìrì méjì: ọ̀kan wà nínú, 24Wh (Wh ni ìwọ̀n iná tó lè gbà), èkejì ń wọlé láti ẹ̀yìn, ó sì wà ní oríṣi 24Wh, 48Wh àti 72Wh. Nínú èyí tí mo mú, ti inú ṣì ń gba nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Ti ẹ̀yìn ti rẹ̀ jọjọ. Ó fẹ́ máa ṣàlàyé fún mi, mo ní kó má ṣe wàhálà, kó kàn yọ owó bátìrì kúrò nínú owó ẹ̀. "Mà, ẹ jẹ́ kí n jèrè díẹ̀ níbẹ̀." A fà á lọ, a fà á bọ̀, ó yọ ọ́ débi tó lè yọ ọ́ dé.

Ohun méjì ṣì kù kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ pa á, ẹ tún un tàn, ẹ máa tẹ F1. Bó bá béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé kó tó jẹ́ kẹ́ ẹ rí inú BIOS, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé, ẹ gbé e kalẹ̀, kó dà bí pé ẹ ò rí i. Ilé-iṣẹ́ tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló tì í, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa ṣí i láìfọwọ́ kan pátákó inú rẹ̀. Ìkejì, ihò USB-C méjì ló wà lápá òsì, àwọn méjèèjì ló sì ń gba iná. Ẹ ki ṣájà bọ ìkíní, ẹ ki í bọ ìkejì, ẹ mì í díẹ̀. Wọ́n jó wọn mọ́ pátákó ni, bí ọ̀kan bá ti ń yẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni àtúnṣe rẹ̀. Lenovo náà ti gbé àtúnṣe sọ́fítíwia jáde fún Thunderbolt, ètò tó wà lẹ́yìn ihò USB-C inú T480, torí ti àtijọ́ lè sọ ihò náà di òkú. Bí ẹ bá délé, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sí i.

Ẹ má bi mí ní iye tí mo rà á. Kì í ṣe àṣírí, dọ́là ni kì í jókòó síbì kan. Ohun tí mo lè sọ ni pé lọ́jọ́ yẹn, ní òpópónà yẹn kan náà, owó tí wọ́n ń pe MacBook Air M1 àlòkù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀.

Ó yá, kíbọ́ọ̀dù. Bọ́tìnnì rẹ̀ jìn, ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tẹ̀ wọnú díẹ̀ kí ìka lè jókòó sí i. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára pé ó ti wọlé, ẹ ò ní máa wojú ẹ̀rọ bóyá lẹ́tà jáde tàbí kò jáde. Níbi ìpàdé, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà: ojú mi ń wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ mi ń ṣe tirẹ̀. Bí akápò bá ń ka owó tó wọlé àti èyí tó jáde, tí ẹnì kan sì ń já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìn, mi ò ráyè máa wá ibi tí 7 wà. Àwọn láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ tí mo dán wò lọ́jọ́ yẹn, bíi pé èèyàn ń fi ìka kan tábìlì ló rí. Tó bá di ọ̀sán, oríkèé á ti máa ro.

Bọ́tìnnì pupa kékeré kan wà láàárín G, H àti B. Òun ni wọ́n fi ń darí atọ́ka láìgbé ọwọ́ kúrò lórí lẹ́tà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó bí mi nínú débi pé mo fẹ́ yọ ọ́ sọ nù. Báyìí, n kì í rántí pé pádì wà nísàlẹ̀, pàápàá nígbà tí mo bá ń dá ohùn dúró, tí mò ń dá a padà, tí mo tún ń jẹ́ kó máa lọ ní VLC. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni pé Fn ló wà ní igun òsì pátápátá, Ctrl ló tẹ̀ lé e. Ẹ fẹ́ ṣe Ctrl+C, Fn+C lẹ ó tẹ̀, kò sì ní dá yín lóhùn. Inú BIOS náà ni wọ́n ti ń pààrọ̀ wọn. Ọjọ́ tí mo délé ni mo ti pààrọ̀ tèmi.

Wọ́n tún la ọ̀nà sábẹ́ kíbọ́ọ̀dù tí omi lè gbà jáde. Mi ò dán an wò, n kò sì ní dán an wò, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń pín mínírà kiri lórí tábìlì ìpàdé, ọkàn èèyàn á balẹ̀ díẹ̀.

Nípa bátìrì, àdúgbò wa kì í ṣe Band A. Àwọn ará Band A, tí wọ́n ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́ fún, tí owó iná wọn sì fò sókè lóṣù kẹrin ọdún 2024, lè má ka ọ̀rọ̀ yìí sí bí mo ṣe kà á sí. Lọ́dọ̀ wa, iná lè lọ kí tíì tó tutù. Ohun tí T480 ń ṣe nìyí: bí ẹ bá yọ bátìrì ẹ̀yìn, ti inú á gbà á ṣe. Ìyẹn ni pé láàárín ìpàdé, mo lè fa ti ẹ̀yìn yọ, kí n ki òmíràn bọ̀ ọ́, láìpa ẹ̀rọ, láìti Word, láìjẹ́ kí alága mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ti 72Wh ni mo wá rà rọ́pò èyí tó ti rẹ̀. Ó yọ kùkù nísàlẹ̀, ó sì gbé ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù sókè díẹ̀. Àwọn kan kórìíra rẹ̀ torí kò rẹwà nínú báàgì. Ọrùn ọwọ́ tèmi ń dúpẹ́. Bí mo bá dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù, tí mo pa Wi-Fi, tó jẹ́ Word àti VLC nìkan ló ṣí, mo lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi rọlẹ̀, kí n má fọwọ́ kan okùn jẹnẹrétọ̀.

Ó tún ń gba iná láti USB-C, nítorí náà ẹni tó ní pawa bánkì tó ń gbé PD (ọ̀nà ìfúnni-níná USB-C tó lágbára) 20V, ní 45W tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lè fi gbé e ró. Pawa bánkì fóònù lásán ò lè gbé e.

8GB RAM ló bá wá. Ihò méjì ló wà nínú rẹ̀, mo fi 8GB mìíràn kún un fúnra mi nílé. Ẹ wọ BIOS kẹ́ ẹ tó ṣí i, ẹ pa bátìrì inú níbi tí wọ́n kọ Disable Built-in Battery sí, ẹ yọ ti ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ tó tú àwọn ìdè ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku kúrò lára fáànù rẹ̀, torí ọyẹ́ ń bọ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ tó kan àwa tí à ń tẹ Yorùbá. Ẹ ò nílò láti ra nǹkan kan. Windows ti ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tirẹ̀ láti ìgbà Windows 7; inú Settings, níbi Language & region, ni ẹ ti máa fi kún un. Keyman, ètò kíbọ́ọ̀dù tí SIL ń ṣe, náà wà, ọ̀fẹ́ ni, òun ni mo sì ń lò. Ní fọ́ńtì, Charis SIL tàbí Noto Serif. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n máa ń ti àmì ohùn sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, tí ìwé á wá dà bí ẹni pé ọtí ń pa á.

Ohun tí kò sí ọlọ́jà tó máa sọ fún yín, tó sì ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń kó àkọsílẹ̀ jọ, ni pé lẹ́tà méjì lè jọra lójú kí wọ́n yàtọ̀ nínú ikùn ẹ̀rọ. Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà nínú ẹ̀rọ, ní kóòdù kan ṣoṣo fún ẹ, U+1EB9, ó ní U+1ECD fún ọ. Kò ní ẹyọ kan fún ẹ tó ní àmì òkè lórí. Ńṣe la máa fi ẹ sílẹ̀ ká tó gbé àmì ohùn lé e. Kíbọ́ọ̀dù kan lè bẹ̀rẹ̀ láti orí e lásán, kó fi kán sí i nísàlẹ̀, kó tó gbé àmì lé e lórí. Òmíràn á bẹ̀rẹ̀ láti orí é, á wá fi kán sí i. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra lójú yín. Ẹ wá lọ wá "ẹgbẹ́" nínú àkọsílẹ̀ ọdún mélòó kan, apá kan lè má jáde rárá, ẹ ó sì máa rò pé ẹ ò kọ ọ́. Ẹ tún fi s onílà ìsàlẹ̀ ti àwọn fáìlì àtijọ́ kún un, tó yàtọ̀ sí ṣ oníkán. Kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni mò ń lò fún gbogbo iṣẹ́ mi báyìí, bí olùwádìí bá sì fi fáìlì tirẹ̀ ránṣẹ́, mo máa ń sọ gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ di irú kan kí n tó fi pamọ́. Word ni mo fi ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé torí òun ni alága lè ṣí. Nọ́ọ̀tì tara mi wà nínú Obsidian, tó ń kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí fáìlì ọ̀rọ̀ lásán nínú fódà mi, tí kì í sì í bi mí léèrè dátà.

MacBook Air M1 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní bú u. Bátìrì rẹ̀ kò ju 49.9Wh lọ, síbẹ̀ ó ń tọ́jọ́, torí ẹ̀rọ inú rẹ̀ kì í jẹ iná púpọ̀. Kò ní fáànù, nítorí náà bí ẹ bá ń gba ohùn sílẹ̀ lórí tábìlì kan náà, kò ní sí ariwo fáànù nínú ohun tí ẹ gbà sílẹ̀. Títẹ Yorùbá rọrùn lórí rẹ̀: ẹ yan ABC Extended, ẹ tẹ Option àti x, lẹ́yìn náà e, lẹ́tà "ẹ" á sì jáde. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ ni, màá gbà á. Àmọ́ RAM àti àyè ìpamọ́ rẹ̀, wọ́n jó gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Ihò USB-C méjì péré ló ní, ẹ ó ra nǹkan kún un kẹ́ ẹ tó lè so ó mọ́ pirojẹ́kítọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti àlòkù ní ewu tirẹ̀: bí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kò bá tú Apple ID rẹ̀ kúrò, tàbí tí ilé-iṣẹ́ kan ṣì ń darí rẹ̀ láti òkèèrè, ọjọ́ tí ẹ bá tún un tò lẹ máa mọ̀ pé ti ẹlòmíì ni.

HP EliteBook x360 1030 náà wà níbẹ̀, èyí tó ń ṣẹ́ po tí wọ́n ń fi bírò rẹ̀ kọ nǹkan sójú rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ kẹ́mísìrì ni mo ní kó lọ rà á, torí èèyàn ò lè fi kíbọ́ọ̀dù ya àwọn onígun mẹ́fà yẹn kíákíá nínú kíláàsì. Fún èmi tí mò ń tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, bírò á kàn máa sọ nù lásán ni.

Àléébù T480 pọ̀ tó láti kà. Ó wúwo, pàápàá pẹ̀lú bátìrì 72Wh. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Agbowó wọ inú Yunifásítì Ìbàdàn á mọ̀ ọ́n léjìká. Ojú rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó fún abẹ́ igi tàbí ìta gbangba. Kámẹ́rà rẹ̀, 720p, sọ mí di òjìji lórí Zoom. Èyí tó dun akọ̀wé jù ni ohùn rẹ̀: ìsàlẹ̀ ni spíkà kọjú sí, ẹ gbé e lé aṣọ tábìlì, ohùn náà á rì sínú aṣọ. Bàbá arúgbó tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú rẹ̀kọ́ọ̀dù, ẹ ò lè gbọ́ ọ láìsí íápíìsì.

Bátìrì 72Wh yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ra láptọ́ọ̀pù ni mo ti rà á, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni. Wọ́n kọ 72Wh gàdàgbà sára èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi, ó wà nínú ọ̀rá, ó ń dán. Mo ki í bọ ẹ̀rọ níwájú wọn, mo tẹ powercfg, Full Charge Capacity tó jáde kò súnmọ́ ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Mo yí ojú láptọ́ọ̀pù sí wọn. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù wò ó, ó pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kó lọ mú "èyí tó wà lókè yẹn" wá. Èyí òkè yẹn ni mo ń lò.